Bí Mo Ṣe Rí Ibi Tí Omi àti Iná Ń Gbà Lọ Nínú Camry Mi

Camry ọdún 1999 ni mò ń wà, èyí tí a ń pè ní Tiny Light. Gbágádà ni mò ń gbé, Marina ni ibi iṣẹ́ mi, nítorí náà orí Third Mainland Bridge ni mò ń gbà láràárọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná lórí afárá yẹn nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, àfi kí Ọlọ́run yọni. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ nígbà tí omi rédíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo da coolant pupa (omi tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù) sí i, ó tún fà. Pure water méjì ló ń gbà lọ́sẹ̀ kan, ìyẹn lítà kan, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò gbẹ táútáú.

Kò pẹ́ tí bátìrì náà fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí mo bá gbé mọ́tò sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ká-ká-ká ni yóò máa ṣe, kò ní sítáàtì.

Bàbá mẹkáníìkì mi ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdí pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló jó, ká tú ẹ́ńjìnnì. Rìwáyà ní, "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yín ti kú. Ẹ lọ ra tuntun." Owó méjèèjì kì í ṣe owó kékeré. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Omi ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Bí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì bá jó, omi sábà máa ń wọnú ọ́ìlì, tàbí kó bá sàlẹ́ńsà jáde bí èéfín funfun. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì dúdú ni, kò ní àwọ̀ tíì onímílíìkì. Èéfín funfun kò jáde. Mo ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù (bó bá gbóná, ẹ má dán an wò, omi ibẹ̀ á bó èèyàn), mo sítáàtì, kò sí ìfóòfó kankan tó ń rú sókè. Kò jọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Mo wá yá pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń dán rédíétọ̀ wò ní Ládípọ̀. Ó dà bíi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, aago wà lára rẹ̀. Èèyàn á yọ ìdérí rédíétọ̀, á fi í dí ẹnu ibẹ̀, á fún afẹ́fẹ́ sí i. Mo fún un dé 13 psi, mo jókòó tì í. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ aago ti wá sí 8. Ó ń jò lóòótọ́. Mo sùn sábẹ́ mọ́tò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo fọwọ́ pa gbogbo róbà omi, n kò rí ẹ̀kán kan.

Ìgbà tí mo jókòó sínú mọ́tò láti sinmi ni mo rántí gíláàsì iwájú. Ó ti pẹ́ tí nǹkan bí ọ̀rá ti ń bo inú rẹ̀ láràárọ̀. Bí mo bá fi tíṣù nù ún, ṣe ló máa ń tàn káàkiri. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níwájú ìjókòó èrò. Fóòmù ibẹ̀ rin gbingbin. Omi AC náà máa ń dà síbẹ̀ bí ihò rẹ̀ bá dí, ṣùgbọ́n omi AC kì í yọ̀, kì í sì í rùn. Èyí ń yọ̀ láàárín ìka bí omi ọṣẹ, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ṣúgà tó ń yọ́. Coolant ni. Ẹ má tọ́ ọ wò o. Májèlé ni, dídùn rẹ̀ ló ń tan ọmọdé àti ajá.

Hítà ló ń jò: rédíétọ̀ kékeré kan tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ọkọ̀ lè móoru. Ta ló ń tan hítà l'Ékòó? Mo gbà pé pure water tí mo ti ń bù sí rédíétọ̀ láti ọdún yìí wá wà lára ohun tó jẹ ẹ́.

Bàbá fọwọ́ kan fóòmù náà, wọ́n gbóòórùn ọwọ́ wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ǹ bá ti tú ẹ́ńjìnnì lásán." Wọ́n yọ róbà méjì tó lọ sí hítà, wọ́n fi páìpù so wọ́n pọ̀ kí omi máa yí láìgba ibẹ̀, wọ́n fi kílíìpù dè é. Kò tó wákàtí kan.

Ó ku bátìrì. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tú wáyà negative rẹ̀, mítà ka 12.6 volt. Lọ́jọ́ Ajé ó ka 12.5, mo dá wáyà padà, mọ́tò jí lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì kò kú, nǹkan kan ló ń mu ún. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 14.1 ni mítà ń kà, torí náà alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, kò jẹ̀bi.

Mo yí mítà sí 10A, ibi tó ti ń wọn iná tó ń ṣàn ní ampere, mo fi í sáàárín orí negative àti wáyà rẹ̀, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn, mo dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò yẹ kó ju 0.05 ampere lọ. 0.42 ni mo bá. Mo wá ń yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti rédíò, kò mì. Nígbà tó kan èyí tí wọ́n kọ DOME sí, ó já wá sí 0.03.

Iná òrùlé kò tàn. Ti búùtù ńkọ́? Mo ní kí fóònù mi máa ya fídíò, mo gbé e sínú búùtù, mo pa á dé. Nígbà tí mo wò ó, búùtù pa dé pátápátá, gílóòbù kékeré náà sì ń tàn lọ, ó mọ́lẹ̀ sára jáàkì àti táyà sípíà. Swíìṣì tó yẹ kó pa á ló ti gbó. Láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì dé àárọ̀ Ajé, ó ń mu nǹkan bíi 25 Ah (ampere-hour, ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà), bẹ́ẹ̀ bátìrì 45 Ah tó ti lo ọdún mẹ́ta ni tèmi.

Mo yọ gílóòbù náà títí mo fi rí swíìṣì tòkunbọ̀ rà. Kápẹ́ẹ̀tì ló gbà mí lásìkò jù: mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sá a fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo fi bíìrò fa ìlà sára ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, mo sì ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ó ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Oṣù mẹ́rin rèé, omi ṣì wà lójú ìlà.