Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìwé àti Pẹ́ńsùlù Kọ́ Fóònù

Èmi ò lè ka ìwé lórí fóònù, kò sì sẹ́ni tó máa yí mi lọ́kàn padà. Ìwé tí mo bá ń kà, mo fẹ́ fọwọ́ ṣí i, kí n fàlà sábẹ́ ibi tó bá dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni báńkì ń fi álẹ́ẹ̀tì sí, àwọn ọmọ tó wà ní London ò sì kọ lẹ́tà mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí bíi tèmi, ẹ jẹ́ ká fi ìwé kọ́ ọ.

Ẹ ra ìwé 40 leaves kan àti pẹ́ńsùlù. Pẹ́ńsùlù ni mo wí o, kì í ṣe bírò: bí fóònù bá ṣe update, ohun tó wà lọ́tùn-ún lè ti bọ́ sósì, ẹ ó sì ní láti pa á rẹ́. Iṣẹ́ kan, ojú ewé kan. Ẹ ya àwòrán ohun tẹ́ ẹ rí gan-an. Níbi tí mo kọ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí, mo ya píìnì tí wọ́n fi ń há bébà pọ̀, mo kọ "Gallery" sábẹ́ rẹ̀, mo wá ya òbìrí tó ní ọfà nínú.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gba fóònù lọ́wọ́ yín. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ mú un wá, kí n bá yín ṣe é kíá." Ìka wọn á sáré lójú fóònù bí eku, wọ́n á ní, "Ó ti parí." Kí lẹ rí kọ́ níbẹ̀? Ẹ ní kó káwọ́ sẹ́yìn, kó máa fẹnu sọ ọ́, kẹ́yin máa tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ tún un ṣe látinú ìwé yín, kí ọmọ náà má sọ̀rọ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá há sí, ìlà kan ló sọnù níbẹ̀; ẹ kọ ọ́ kún un.

Ojú ewé àkọ́kọ́: Settings, Display, Font size, kí lẹ́tà tóbi. Ìkejì: *310# fún owó ìpè tó kù, *323# fún dátà. Láti 2023, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo nẹ́tíwọ̀kì ń lò. Ẹ má kọ PIN síbẹ̀ láéláé.

Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, nítorí náà ojú ń tì mí láti fi ọ̀rọ̀ tí kò lámì ránṣẹ́. Nínú Gboard, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù Google tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ wọ Languages, lẹ́yìn náà Add keyboard, kẹ́ ẹ mú Yorùbá. Ẹ tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ láìgbọ́wọ́ kúrò, àwọn èyí tó lámì á yọ sókè.

Fóònù náà sì wúlò fún ìwé. Lẹ́tà wínníwínní tí dígí ojú ò ká, ẹ ya á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Bí ìwé yín bá ti ya, tẹ́ ẹ sì ń wá òmíràn rà, ẹ fi fọ́tò èèpo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tàwé n'Íbàdàn kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò l'Ábẹ́òkúta. Bó bá ní ó wà, kó ya èèpo, kó ya ojú ewé tí ọdún ìtẹ̀jáde wà, kó sì ya ewé tó kẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni ìwé àlòkù ti sábà máa ń já.