Oúnjẹ kan náà, ara ọ̀tọ̀: bí ìran àti jíjẹ́ akọ tàbí abo ṣe ń darí ẹlẹ́dẹ̀ yín

Níbi tí mo ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Ìpájà, oúnjẹ ni àwọn tó ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ bi mí. Oúnjẹ ṣe pàtàkì, pàápàá bí owó àpò PKC (ìdàrọ́ ekuro tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, tí a fi ń bọ́ ẹran) ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n ìran tí ẹlẹ́dẹ̀ ti wá, àti bóyá akọ ni tàbí abo, ló máa sọ bóyá ẹran ni yóò fi oúnjẹ yẹn ṣe tàbí ọ̀rá.

Ẹ kọ́kọ́ wo bàbá. Jíìnì kan (ohun àjogúnbá inú ara) wà tí wọ́n ń pè ní IGF2, tó ń mú iṣan dàgbà. Ìyá fún ọmọ ní tirẹ̀, bàbá fún un ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n nínú iṣan ẹlẹ́dẹ̀, ti bàbá ló ń ṣiṣẹ́, ti ìyá á dákẹ́. Lọ́dún 2003 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìyípadà kékeré kan nínú rẹ̀ ń mú kí ẹran pọ̀, kí ọ̀rá sì dín. Nítorí náà, mi ò jẹ́ gba akọ tí mi ò mọ ìran rẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó. Ẹ bi olówó rẹ̀ pé: oṣù mélòó làwọn ọmọ rẹ̀ fi tó tà? Báwo ni ọ̀rá ẹ̀yìn wọn ṣe nípọn tó?

Ìran Large White àti Landrace ni mo fi ń ṣe ìyá, torí wọ́n ń bímọ púpọ̀, wọ́n sì ní wàrà. Duroc pupa ni mo ń jẹ́ kó gùn wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún Pietrain ti Belgium: ẹran kún ara rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé jíìnì tó lè pa ẹlẹ́dẹ̀ lójijì bí ooru tàbí ìjayà bá bá a. Ẹ fojú inú wo irú ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Iyànà-Ìpájà lọ́sàn-án gangan.

Akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá ló ń fi oúnjẹ díẹ̀ ṣe ẹran púpọ̀, họ́mọ́ọ̀nù inú ẹpọ̀n rẹ̀ ló fà á. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, á máa jẹun sí i, ọ̀rá rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Abo kì í jẹun tó akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá, kì í sì yára dàgbà tó o, àmọ́ ẹran rẹ̀ kì í lọ́ràá bẹ́ẹ̀. Òórùn ló jẹ́ kí a máa tẹ akọ lọ́dàá síbẹ̀. Bó bá ti ń bàlágà, èròjà olóòórùn méjì, androstenone àti skatole, á kó sínú ọ̀rá rẹ̀, orí iná ni ẹ ó ti gbọ́ òórùn náà. Oníbàárà tó bá gbọ́ ọ kò ní padà wá. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran ṣe é kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ bá ti ń sún mọ́ kílò 50, ẹ ya abo sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá. Ẹ fi sóyà kún oúnjẹ abo, torí ara rẹ̀ ṣì ń wá lysine, èròjà kan nínú purotéènì, tó máa fi ṣe ẹran. Ẹ fi PKC kún ti àwọn tí a tẹ̀ lọ́dàá, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jẹ àjẹkì.

Tépù aránṣọ tó láti mọ ìwúwo. Ẹ wọn àyíká àyà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ wọn gígùn láti ìdí etí dé ìdí ìrù, ní mítà. Ẹ fi àyíká àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 69.3 sọ èyí tí ẹ bá rí di púpọ̀. Bí méjèèjì bá jẹ́ mítà 1.1, ẹlẹ́dẹ̀ náà tó nǹkan bíi kílò 92. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, kí ẹ kọ bàbá wọn sí i. Ọmọ ń jogún ìyára ìdàgbà àti ọ̀rá ẹ̀yìn ju bó ṣe ń jogún iye ọmọ tí ìyá ń bí lọ, nítorí náà abo tó bá ta àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ yọ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìbímọ. Akọ láti oko mìíràn ni kó gùn ún, kì í ṣe bàbá rẹ̀.