Ẹ Béèrè, Ẹ Wọ̀n, Kí Ẹ Tó Wọ́ Ẹsẹ̀ Tó Wú

A kò kọ ìwé yìí láti kọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń wọ́ra fún aláìsàn bí a ṣe ń wọ́ra. Ẹ mọ bí a ṣe ń yọ́ òrí, ẹ sì mọ bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ ni pé ọwọ́ ń dé ara aláìsàn kí ìbéèrè tó jáde lẹ́nu.

Abiyamọ kan wà, ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 3. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú, ó ń gbóná. Wọ́n ní àárẹ̀ ìrọbí ni, wọ́n fi àdín wọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, àyà ń gún un, kò lè mí dáadáa. Kí ọkọ̀ tó dé, ó ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹsẹ̀ náà. Tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá já kúrò níbi tó wà, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ dí.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó wú, ẹ béèrè: ṣé ẹsẹ̀ kan ló wú àbí méjèèjì? Ṣé ó lóyún, àbí ó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6? Ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárín oṣù 3? Ṣé ó dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọjọ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Lẹ́yìn náà, ẹ mú téèpù télọ̀. Ẹ wá egungun tó yọ kókó lábẹ́ orúnkún, ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 10 wá sísàlẹ̀, ẹ fi báírò sàmì síbẹ̀, kí ẹ wá yí téèpù po ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣe ẹsẹ̀ kejì bákan náà. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n! Tí ọ̀kan bá fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ tóbi ju èkejì, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe tí ẹ bá tọjà dé. Bí ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì kò tiẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ṣáà wú, tí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè yòókù sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọsibítù náà ni.

Ti ẹ̀yìn dídùn: ṣé ó já bọ́ lórí ọ̀pẹ? Ṣé ara rẹ̀ ń gbóná? Ṣé ìtọ̀ kò jáde, tàbí ó ń dà fúnra rẹ̀? Ṣé abẹ́ rẹ̀ kú tipiri, tí kò mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan bá kàn án níbẹ̀? Ọ̀kan péré ti tó láti dá ọwọ́ yín dúró. Tí kò bá sí ìkankan, ẹ ní kó fi nọ́ńbà sí ìrora náà, láti 0 (kò dùn ún rárá) dé 10 (ìrora tó le jù lọ). Ẹ wọ́ ẹran ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má tẹ egungun fúnra rẹ̀. Tí nọ́ńbà náà kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 3, ẹ dáwọ́ dúró, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sínú ìwé, ẹ kọ èyí náà. Tí ẹ bá ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, ẹ mú ìwé yẹn dání fún nọ́ọ̀sì: ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, àti iye tí téèpù sọ.