Bánà méjì nítorí ọ̀sà kan

₦14,000 ni mo kọ́kọ́ san láti inú owó oṣù mi láti tẹ bánà kan fún kíláàsì mi. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, ₦31,000 ti lọ, owó ọkọ̀ láti Omù-Àrán sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀mejì wà nínú rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ méjì péré ló fà á.

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ Ìgbómìnà tí kò rí òkun rí, bí ẹ bá ní ọ̀sà ló yí Èkó ká, adágún ló máa wá sí i lọ́kàn, irú èyí tí wọ́n sé odò Àsà fún n'Ílọrin. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ àwòrán ńlá lára ògiri kíláàsì. Yíya máàpù kò gbà mí lákòókò rárá. Ìtumọ̀ tó máa wà lábẹ́ rẹ̀ ló fìyà jẹ mí.

Ohun tí mo kọ ni pé: "Ọ̀sà ni omi iyọ̀ tó wà létí òkun, tí yanrìn là wọ́n láàárín." Ọjọ́ kejì tí a gbé bánà náà kọ́, ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti apá Ẹ̀pẹ́ nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi ọ̀sà Lẹ́kí kò níyọ̀ o. Òun la fi ń fọṣọ, ọṣẹ sì ń hó dáadáa." Ọṣẹ kì í hó bẹ́ẹ̀ nínú omi òkun. N ò rí èsì kankan fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ojútùú. Ìwé kan á ní omi iyọ̀, òmíràn á pè é ní adágún. Àwọn Potogí pàápàá, adágún ni orúkọ tí wọ́n fún Èkó, ohun tí Lagos túmọ̀ sí lédè wọn nìyẹn. Inú ń bí mi, mo ń ka ìwé lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí mo tẹ̀lé ọ̀nà omi lórí máàpù ni ó tó yé mi. Ọ̀sà Èkó gùn ju kìlómítà 50 lọ, ẹnu tó fi ń bá òkun pàdé sì wà níbi èbúté. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ibẹ̀ wọlé. Tí òjò bá dé, odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn á tì í padà. Ọ̀sà Lẹ́kí jìnnà sí ẹnu yẹn, odò Ọ̀ṣun àti Ọ̀ní ló ń bọ́ sínú rẹ̀, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ yẹn tọ̀nà. Iyọ̀ kọ́ ló ń sọ omi di ọ̀sà.

Yanrìn tí mo kọ náà kò pé. Ní òkun Pàsífíìkì, iyùn, ìyẹn òkúta tí àwọn ẹranko kéékèèké inú òkun ń mọ, ló máa ń ṣe odi yí omi ká tó fi di ọ̀sà.

Èyí tí mo tẹ̀ nígbà kejì rèé: "Ọ̀sà ni omi tí kò jìn púpọ̀, tó tẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, tí yanrìn tàbí iyùn là wọ́n láàárín, tó sì ní ẹnu tó fi ń bá òkun pàdé, bí yanrìn tilẹ̀ ń dí i nígbà mìíràn." Mo fi ìtumọ̀ yìí yangàn! Àwọn baba wa kò sì pe omi yìí ní adágún. Omi tó bá dágún, ojú kan ló wà. Ọ̀sà ń lọ, ó ń bọ̀.

Mo dúró lẹ́yìn ọmọ tó ń lo kọ̀ǹpútà níbi ìtẹ̀wé títí ó fi fi àmì sórí "ọ̀sà," torí "osa" ló kọ́kọ́ kọ.

Bí mo bá tún máa ṣe é, ojú pátákó ni màá kọ ìtumọ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó ná kọ́bọ̀. Màá sì kọ́kọ́ bi kíláàsì léèrè ẹni tó ti gbé etí omi rí.