Bí a ṣe ń fi ààlà sílẹ̀ fún ọmọ tó ti ń bàlágà

Ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí kajú bá ti ń já bọ́ lẹ́ẹ̀rùn, ọmọ ọdún 14 á bẹ̀rẹ̀ sí í ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́. Á ṣa kajú, á tà á, á fi owó rẹ̀ ra dátà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń pariwo pé ojú ọmọ ti là jù. Mi ò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó ń dàgbà gbọ́dọ̀ dán agbára rẹ̀ wò. Iṣẹ́ tiwa ni pé kó mọ ibi tí agbára náà mọ, kí àwa náà sì mọ ibi tí tiwa mọ.

Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò nílé

Ẹ má tíì pe ọmọ o. Bàbá àti ìyá ni kó kọ́kọ́ jókòó. Tó bá jẹ́ pé Lọ́kọ́jà tàbí Àbújá lẹ ti ń ṣiṣẹ́, tí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, ìyá àgbà gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ì báà jẹ́ lórí fóònù. Bí ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì, tí màmá dá a padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta torí pé ó sunkún, ààlà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ máa sọ ohun kan náà fún un."

Ẹ mú ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré

Òfin ogún, kò sí ọmọ tó lè pa á mọ́, kò sì sí òbí tó lè ṣọ́ ọ. Ìgbà tó ń wọlé, fóònù lálẹ́, iṣẹ́ ilé àti ti ilé-ìwé, bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀: ìwọ̀nyí tó. Irun àti orin, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà wa, kí ọmọ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú kì í ṣe ohun tí à ń dúnàá dúrà lé lórí. Ti fóònù yàtọ̀, ẹ lè jọ sọ ọ́.

Ẹ pè é nígbà tí ara tutù

Kì í ṣe ọjọ́ tó ṣẹ̀ yín. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un: ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, nítorí náà fóònù á máa sùn ní pálọ̀ láti aago mẹ́sàn-án. Kí ẹ wá bi í pé, "Kí lo rí sí i?" Ó lè ní, "Bàbá, ìgbà yẹn gan-an là ń ṣàlàyé iṣẹ́ àṣetiléwá fún ara wa lórí WhatsApp." Tó bá jóòótọ́, ẹ sún un sí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Òfin tó bá lọ́wọ́ sí ló máa pa mọ́. Owó kajú ńkọ́? Ẹ jọ gbà pé ìdajì á wà fún ìwé, kí ìdajì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì máa tọ pinpin ìyẹn.

Níjọ́ yẹn náà ni kí ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá rú u, kó sì bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹni tó lo fóònù kọjá àkókò, aago mẹ́jọ ni yóò gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fi oúnjẹ dù ú, ẹ má ṣépè, ẹ má nà án. Ọmọ tí à ń nà, bí a ṣe ń fi nǹkan pa mọ́ nìkan ló máa mọ̀. Yóò rú u lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan dandan, torí apá ibi tí ọpọlọ fi ń ro àtubọ̀tán kì í gbó tán títí èèyàn fi lé ní ogún ọdún dáadáa. Ẹ ṣe ohun tí ẹ sọ, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kó tán síbẹ̀. Ẹ má tún gbé e dìde níwájú ẹbí nígbà Kérésì.

Ẹ̀yin náà ní ààlà tiyín

Apá yìí ni a máa ń fò. Pèrègún tí a gbìn sí ààlà oko, olóko méjèèjì ni kò gbọ́dọ̀ ré e kọjá. Ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọ yàrá rẹ̀. Ẹ má yọ́ ka ọ̀rọ̀ inú fóònù rẹ̀. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé bí ẹ̀rù ewu bá bà yín, ẹ máa wò ó níṣojú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan oṣù, ẹ má ròyìn rẹ̀ fún àwọn ará ìjọ. Bí ẹ bá ṣẹ̀ ẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́. Kò ní kó má kúnlẹ̀ kí yín "Ọ̀kun o" láàárọ̀.

Tó bá yí padà lójijì, tí kò jẹun, tí kò sùn, tó ń sọ pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, tàbí tí ẹ fura sí oògùn olóró, ọ̀rọ̀ ti kọjá òfin ilé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Tí táàmù bá parí, ẹ tún un sọ. Òfin tó ti pa mọ́ dáadáa, ẹ fẹ̀ ẹ́ fún un. Ẹni tó máa wọ yunifásítì ní Lọ́kọ́jà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó máa dá àkókò oorun ara rẹ̀ láti ìsinsìnyí, kó ṣàṣìṣe rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà nítòsí.