Omi ló ń pa bromeliad mi

Oṣù méjì gbáko ni bromeliad, òdòdó inú ìkòkò kan tí mo gbé sí pálọ̀ wa ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo, fi ń kú lọ lójú mi. Ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n, ìdí rẹ̀ rọ̀, ó sì ń rùn. Mo rò pé òùngbẹ ni, ni mo bá ń bomi sí ilẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀.

Màmá mi ló wò ó tí wọ́n ní, “Ṣé èyí ò bá ọ̀pẹ òyìnbó tan?” Ó bá a tan lóòótọ́! Ṣùgbọ́n nínú igbó Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà tí ó ti wá, orí igi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Àárín ewé tó dà bí ife ló fi ń gba omi òjò. Gbòǹgbò rẹ̀ kò fẹ́ ilẹ̀ tútù rárá.

Mo fà á yọ, mo gé gbòǹgbò tó ti jẹrà, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Mo da ilẹ̀dú nù. Èédú tí mo fọ́ wẹ́wẹ́ àti èèpo àgbọn ni mo fi gbìn ín sínú ìkòkò kékeré tó lu nídìí. Omi òjò ni mo ń rọ sí àárín ewé báyìí, torí omi kànga wa máa ń fi àbàwọ́n funfun sára rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń da omi náà nù tí mo ń pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Ẹ má fi èyí ṣeré o, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré nílé.

Ọmọ méjì ti yọ nídìí rẹ̀. Tí wọ́n bá ga tó ìdajì ìyá wọn, màá yà wọ́n sí ìkòkò tiwọn.