Fèrèsé funfun báláú, ògiri ṣókùnkùn: bó ṣe yanjú ní Kempley

Ṣọ́ọ̀ṣì St Mary's ní Kempley, Gloucestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéré, fèrèsé rẹ̀ sì tún kéré. Àwòrán ara ògiri tí wọ́n yà sí apá pẹpẹ ní nǹkan bí 1120 ló yẹ kó hàn. Àmọ́ bí ògiri bá hàn, fèrèsé á funfun báláú. Bí fèrèsé bá hàn, ògiri á ṣókùnkùn biribiri. Fọ́tò kan ṣoṣo ò lè gbé méjèèjì.

Kámẹ́rà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló yanjú rẹ̀ (ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé). ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/8 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó), fọ́tò márùn-ún tí kọ̀ǹpútà máa pa pọ̀ di ẹyọ kan: ìṣẹ́jú àáyá 1/15, 1/4, 1, 4 àti 15. Àsìkò nìkan ni kẹ́ ẹ máa yí. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan f/8, wọn ò ní bára mu nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń pa wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó yà á, kí ọwọ́ yín má baà mì ín.

Ẹ pa iná mànàmáná: bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ ti ojú ọ̀run, apá kan ògiri á pọ́n, apá kan á dà bí aró. Fíláàṣì ńkọ́? Rárá o.